Bí a ṣe ń mú ewu inú ilé kúrò lọ́nà ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ọdún méjì rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ títí: ọmọ náà á wọ́ àga lọ sídìí pẹpẹ, á gùn ún. Lóṣù tó kọjá kò lè ṣe é, lónìí ó ti ṣe é kí ẹ tó yíjú. Ibẹ̀ gan-an ni jàǹbá inú ilé ti ń wọlé. Ọmọ ń dàgbà lójoojúmọ́, ilé sì wà bó ṣe wà látìgbà tó ṣì ń rá.

Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí ò fi dá lórí bí a ṣe ń kìlọ̀ fún ọmọ. Ẹ kìlọ̀, ó dáa, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin lè máa fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé "má fọwọ́ kàn án" kó sì máa nawọ́ sí i. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú òbí náà a máa lọ síbòmíràn: fóònù á dún, ìkòkò á ru, ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn. Ilé fúnra rẹ̀ ló yẹ kó dáàbò bo ọmọ láàárín ìṣẹ́jú tí ojú yín ò fi sí níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ń pa ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: omi, ohun tó ń há sọ́fun, iná àti májèlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ́kọ́ ra ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí pé kò wọ́n, kò sì gba àkókò. Kò burú, àmọ́ korobá omi tó wà ní balùwẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀

Ẹ mú tépù ìwọ̀n, ìwé, bírò, àti páálí roboto tó máa ń kù tí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán. Ẹ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan kí ojú yín wà níbi tí ojú ọmọ wà, kí ẹ rá yí yàrá náà ká. Ohun tí ẹ kì í rí tí ẹ bá wà lórí ìdúró á hàn síta: hóró oògùn tó yí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, okùn kẹ́tù tó so rọ̀ létí tábìlì, ìṣó tó yọrí lábẹ́ àga. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohunkóhun ṣe, torí ẹni tó bá dúró tún ìkíní ṣe kì í sábà dé yàrá kẹta.

Ẹ wá wọn ibi tí ọwọ́ ọmọ dé. Kó dúró, kó nawọ́ sókè, ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé orí ìka rẹ̀. Ẹ ro gíga àga tàbí àpótí tó lè dá wọ́ mọ́ ọn. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé 100 sẹ̀ǹtímítà, tí àga náà sì ga ní 45, a jẹ́ pé 145 ni ọwọ́ ọmọ yín dé nínú ilé yẹn. Ohun eléwu tó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, tàbí kí ẹ tì í. Ẹ tún un wọ̀n lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Páálí tíṣù ńkọ́? Ẹ máa ju àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ẹ bá rí nílẹ̀ sínú rẹ̀. Èyí tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun.

Omi

Omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lè pa ọmọdé, nítorí pé ohun tó nílò kò ju kó bo imú àti ẹnu lọ. Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú korobá. Ọmọ di etí korobá mú, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀ torí pé ó rí ife kan tó léfòó. Orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn wúwo gan-an tí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, nítorí náà orí fà á wọlé, ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, apá ò sì lágbára láti ti ara padà. Ẹ má rò pé korobá á dojú dé kí omi dà nù. Korobá lítà 20 tó kún dé ìdajì wúwo ní kílò 10, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ọmọ ọdún kan fúnra rẹ̀. Kò ní mira. Ẹ ò sì ní gbọ́ igbe, torí pé inú omi ni ẹnu wà.

Nítorí náà:

Ẹ da omi nù gbàrà tí ẹ bá lò ó tán, kí ẹ dojú korobá àti ọpọ́n dé. "Mo ń bọ̀ wá dà á nù" ni kò dáa.

Omi tí ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú, inú ohun tó ní ìdérí tí wọ́n ń yí tàbí tí wọ́n ń há ni kó wà. Ìdérí tí wọ́n kàn gbé lé e lórí kì í ṣe ìdérí lójú ọmọ ọdún méjì.

Ẹ kan ìkọ́ sí ìta ilẹ̀kùn balùwẹ̀, lókè pátápátá, kí ẹ máa fi í há ilẹ̀kùn náà. Ẹ máa dé àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kí ẹ tó gbé ọmọ sínú omi ìwẹ̀, kí ọṣẹ, aṣọ ìnura àti aṣọ tó máa wọ̀ ti wà lọ́wọ́. Tí nǹkan kan bá pè yín, ẹ gbé ọmọ jáde kí ẹ jọ lọ. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe olùṣọ́. Àga ìwẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ọmọdé kì í gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ omi. Ó kàn ń jẹ́ kí ọkàn òbí balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀ ni.

Kànga gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó wúwo tó sì ní àgádágodo. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọgbà yíká ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán, pẹ̀lú géètì tó ń pa ara rẹ̀ dé.

Tí ẹ bá ń wá ọmọ tí ẹ ò rí i, ibi tí omi wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Tó bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀mí rẹ̀ ò sí nínú ewu. Tó bá wà nínú omi, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì.

Ọmọ tí ẹ fà jáde nínú omi tí kò mí: ẹ má gbé e kọ́ lódìkejì, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi jáde. Ẹ ń fi àkókò ṣòfò ni, èébì sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ké sí ẹlòmíràn kó pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i nígbà 5. Ẹ máa wò ó bóyá àyà rẹ̀ ń gbé sókè. Tí kò bá tíì mí, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kó wọlé tó ìdá mẹ́ta nínípọn àyà, kí ẹ yára tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà èémí 2, kí ẹ tún padà sí 30. Ẹ má dáwọ́ dúró títí yóò fi mí tàbí tí olùrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ohun tó ń há sọ́fun

Oúnjẹ ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń há ọmọdé lọ́fun. Ohun tó bá rí roboto, tó le tàbí tó ń yọ̀, ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀pà àti irú rẹ̀ tí wọn ò tíì lọ̀ kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, súwíìtì líle náà kò yẹ ẹ́. Èso àjàrà, tòmátò wẹ́wẹ́ àti sọ́séèjì, gígùn rẹ̀ ni kí ẹ gé e sí mẹ́rin. Tí ẹ bá gé e ní ìbú, ẹ kàn sọ ọ́ di owó roboto ni, ìyẹn ló sì bá ọ̀fun mu jù. Kó jókòó jẹun. Kó má máa sáré, kó má sùn pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ẹ̀wẹ̀, bàlóònù tó bẹ́ léwu ju èyí tó kún lọ, torí pé rọ́bà náà á lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀fun bí ọ̀rá.

Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì yẹ ká dúró lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọmọ tó bá gbé e mì á yà á jáde bí ẹyọ owó. Bátìrì yìí kò nílò kó jò kó tó ṣọṣẹ́. Bó bá ti há sínú ọ̀nà ọ̀fun, itọ́ àti ẹran ara so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, iná ń gbà á kọjá, ìhà kan rẹ̀ sì ń sọ omi ara di èròjà tó ń jó nǹkan bíi sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Láàárín wákàtí 2, ó lè ti jó ọ̀nà ọ̀fun wọnú. Èyí tó tóbi tó mìlímítà 20 ló burú jù, torí pé òun ló ń há. Èyí tí kò lè tan rìmóòtù mọ́ ṣì ní iná tó láti ṣe é.

Ẹ wá a nínú rìmóòtù, òṣùwọ̀n, káàdì tó ń kọrin, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, àbẹ́là oníná àti ohun ìṣeré tó ń tànmọ́lẹ̀. Èyí tí ilé bátìrì rẹ̀ kò bá ní síkúrù, ẹ gbé e kúrò nílé tàbí kí ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Sẹlotéèpù nìkan ò tó. Ọmọ ń fi eyín tú u. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ fi sẹlotéèpù wé ojú rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó kó o kúrò nílé.

Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn tó lè ya fọ́tò inú ara lójú ẹsẹ̀, kódà tí kò bá sí àmì kankan. Àmì tó lè hàn ni kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kó kọ oúnjẹ, kó máa wúkọ́. Ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un lóúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo tó lè dín ọṣẹ́ rẹ̀ kù lójú ọ̀nà ni oyin: ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ, tí kò tíì pé wákàtí 12 tó gbé e mì, ẹ lè fún un ní síbí kékeré 2, ìyẹn mìlílítà 10, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ. Ẹ má tìtorí àtiwá oyin pẹ́ nílé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin rárá. Èyí tó bá kì bọmú tàbí etí, pàjáwìrì kan náà ni.

Irin òòfà wẹ́wẹ́ náà ń bẹ. Méjì nínú ìfun máa ń fa ara wọn mọ́ra láti ìhà ìfun kan sí èkejì, wọn á sì lu ìfun jáde. Ilé ìwòsàn nìyẹn náà.

Tí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun: bó bá ń wúkọ́ kíkankíkan tàbí tó ń ké, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Bí ohùn ò bá jáde mọ́, tí kò lè mí, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a nígbà 5 lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Bí kò bá jáde, ẹ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sí òkè ìdodo, nísàlẹ̀ egungun àyà, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú, kí ẹ fà á wọlé sókè nígbà 5. Ẹ máa ṣe méjèèjì ní àṣetúnṣe. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fa ikùn rẹ̀: orí itan ni kí ẹ dojú rẹ̀ bò, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ gbá ẹ̀yìn nígbà 5, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà nígbà 5. Ẹ má fi ìka wá ohun tí ojú yín ò rí lẹ́nu rẹ̀. Ìka ló máa ń tì í wọlé sí i. Bó bá dákú, ẹ bẹ̀rẹ̀ títẹ àyà àti fífẹ́ èémí bí a ṣe júwe lókè. Bó bá jáde lẹ́yìn tí ẹ ti fa ikùn, ẹ ṣì gbé ọmọ lọ kí dókítà wò ó.

Iná àti omi gbígbóná

Tíì tó ti wà nínú ife fún ìṣẹ́jú 15 ṣì lè bó ọmọdé lára. Ẹ má gbé ọmọ lápá kan kí ẹ gbé ife gbígbóná lápá kejì. Ẹ yí ọwọ́ ìkòkò sí ẹ̀yìn, kí ẹ máa lo ojú iná ẹ̀yìn kí ẹ tó lo ti iwájú. Ẹ fi téèpù sàmì sí ilẹ̀ ní mítà kan yíká ibi ìdáná: ọmọ kì í wọ ibẹ̀ nígbà tí iná bá ń jó. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mọ́ ọn lára, torí náà géètì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná dáa jù ú lọ. Aṣọ tábìlì tó so rọ̀ àti okùn kẹ́tù, ohun tí ọmọ ń fà nìwọ̀nyẹn.

Omi ìwẹ̀: omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, lẹ́yìn náà gbígbóná, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ fi ìgúnpá wò ó. Ẹni tó ń bu gbígbóná ṣáájú ń gbé ewu kalẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tó fi lọ pọn tútù wá. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná, ẹ má jẹ́ kó ju dígírì 49 lọ. Omi tó bá wà ní 60 ń bóni jinlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5; ní 49, ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó sì ti gbé ọmọ kúrò.

Bó bá jó tàbí tó bó: omi tútù tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Ọ̀pọ̀ ń dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú méjì torí ọmọ ń ké. Ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má mú un, kí ẹ máa bá a lọ. Ẹ bọ́ aṣọ àti ẹ̀gbà kúrò níbẹ̀ kó tó wú, àyàfi èyí tó lẹ̀ mọ́ ara. Kò sí yìnyín, kò sí bọ́tà, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín. Èyí tó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tàbí tó wà lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀ tàbí lójú ara, ilé ìwòsàn.

Májèlé

Ohun tó ń pa ọmọ níbí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìgò tí kò bá ohun inú rẹ̀ mu. Kẹrosíìnì nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, oògùn eku nínú ike oúnjẹ, bílíìṣì nínú ìgò omi: ọmọ mọ ìgò yẹn, ó ti mu nínú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tí wọ́n fi tà á, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo, lókè ìwọ̀n tí ẹ ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ìdérí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i kàn ń dá ọmọ dúró díẹ̀ ni.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí aboyún ń lò pupa, ó sì ń dùn lójú bíi súwíìtì. Irin inú rẹ̀ lè pa ọmọdé. Ẹ má pe oògùn kankan ní súwíìtì kí ọmọ lè gbà á. Ohun tí wọ́n bá fi sínú páálí oògùn olómi ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe síbí ìdáná, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ fún un sára páálí náà kí ẹlòmíràn má tún fún un.

Bó bá ti mu nǹkan: ẹ má mú un bì. Kẹrosíìnì tó bá ń bọ̀ padà ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, bílíìṣì àti sódà á sì tún jó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fi òróró tàbí mílíìkì rọ ọ́. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó bá dà sí, ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà lọ sílé ìwòsàn. Èyí tó bá ta sójú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìṣubú, okùn, iná mànàmáná

Dúrọ́ọ̀ tó ṣí jẹ́ àtẹ̀gùn lójú ọmọ. Tó bá gun ìkejì, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù á tẹ̀ síwájú, tẹlifíṣọ̀n á sì tẹ̀ lé e. Ẹ fi irin àti síkúrù de òkè kọ́bọ́ọ̀dù, pẹpẹ ìwé àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri fúnra rẹ̀, kì í ṣe mọ́ pákó tín-ín-rín tó bo ògiri. Ohun tó wúwo, dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ má gbé rìmóòtù tàbí ohun ìṣeré sókè rẹ̀, ẹ ń pè é kó wá gùn ún ni.

Fèrèsé òkè kò gbọ́dọ̀ ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, àlàfo irin bálíkónì náà kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kì í gba ọmọ dúró. Géètì orí àtẹ̀gùn, síkúrù ni kí ẹ fi kàn án mọ́ ògiri; èyí tó kàn fún mọ́ ògiri láìsí síkúrù, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló wà fún. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí kó lè máa fẹsẹ̀ tì í kiri, ẹ má rà á: orílẹ̀-èdè Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2004.

Ẹ gé okùn kọ́tìnnì tó bá ṣe òrùka, kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ jìnnà sí fèrèsé. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fóònù ò bá sí lẹ́nu rẹ̀, torí pé ẹnu ni ọmọ ń fi sí. Ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ti di ohun tó ń há sọ́fun. Ẹ gbé àga tó wúwo dí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí iná bá mú ọmọ, ẹ pa iná láti ojú mítà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Tí àlejò bá dé

Gbogbo iṣẹ́ yìí lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan tí ìyá àgbà bá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá àga: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìṣáná, owó wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ kan ìkọ́ báàgì sẹ́nu ọ̀nà ní gíga tó kọjá ìwọ̀n tí ẹ ṣe. Kò sí ìwà àfojúdi nínú kí ẹ gba báàgì lọ́wọ́ àgbà kí ẹ bá a gbé e kọ́. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ lọ sílé ẹlòmíràn, kí ẹ tó jókòó, ẹ wo mẹ́ta péré: ibi tí omi wà, ibi tí oògùn wà, àti ilẹ̀kùn bálíkónì. Èyí tí ẹ ò bá lè tún ṣe, ẹ ní kí onílé bá yín ti ilẹ̀kùn yàrá náà.